Ohun Tí Mo Rí Lẹ́yìn Òpó Kẹta

Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa awakíréènì ló ní kí n ra ìwé yìí. Ó ní kí n kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, kí ìgbìmọ̀ tó ń wádìí jàǹbá náà má baà fi ìbéèrè yí mi lórí. Mo sọ fún un pé ohun tí ojú mi bá ti rí, orí mi kì í gbàgbé. Síbẹ̀ mo rà á. Owó tí wọ́n ń pè é burú, bébà inú rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Ohun tí mo rí nìyí. Ọjọ́ kejìlá oṣù tó kọjá, nígbà tí gbogbo èèyàn lọ jẹun ọ̀sán, èmi wà lókè nínú kíréènì, àna mi, ọkọ àbúrò mi, wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àsíá méjì tó fi ń darí mi. Àwa méjì nìkan ló kù nínú ilé irin. Mo gbé ìdì irin kan láti ẹnu ọ̀nà. Ó kọjá lẹ́yìn òpó kìn-ín-ní, ó kọjá lẹ́yìn òpó kejì, ó kọjá lẹ́yìn òpó kẹta. Kò dúró níbì kankan. Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. Bó ṣe yọ lódì kejì òpó kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ó fì padà sẹ́yìn, ó sì gbá àna mi lẹ́sẹ̀. Ẹrù kì í ṣàdéédéé fì. Okùn ìdarí wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló fà á. Ó parí.

Òun ní tiẹ̀ ń pariwo kiri pé ẹrù náà há sára irin kan tó yọ lára òpó, pé ó dúró, pé òun gbé àsíá pupa sókè, pé èmi ń wa kíréènì lọ ní tèmi títí ẹrù fi já ara rẹ̀ gbà. Irọ́ gbuu! Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń jókòó lókè yẹn. Ojú Àṣá ni wọ́n ń pè mí, kì í ṣe èmi ni mo sọ ara mi bẹ́ẹ̀.

Bí ìgbìmọ̀ bá gba tèmi, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iléeṣẹ́ kò sì ní tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gba tiẹ̀, èmi ni màá sọ̀ kalẹ̀, n kò sì ní gun kíréènì mọ́ láyé. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin ni wọ́n máa jókòó.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Ooru. Mo pe àbúrò mi, ìyàwó rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbé e.

Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Títí ìgbìmọ̀ á fi jókòó, inú sítọ́ọ̀ ni wọ́n fi mí sí. Nọ́ọ̀tì ni mò ń ṣà. Èyí tó dípẹtà lápá kan, èyí tí kò dípẹtà lápá kejì. Adìyẹ pàápàá lè ṣe iṣẹ́ yìí, á sì ṣe é dáadáa ju èmi lọ, torí inú ò ní bí i.

Onírùngbọ̀n, ọ̀kan nínú àwa awakíréènì, ló wà lórí àga mi. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń fa ọwọ́ kíréènì gbà-gbà bí ẹni ń fọ́ igi ìdáná. Ní ìrọ̀lẹ́ mo yọjú sí ìwé tí a máa ń kọ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́: *Ojú lórí ẹrù*, ó sì fọwọ́ sí i. Mo ṣí ìwé náà padà sí ọjọ́ kejìlá. Ìwé ọwọ́ mi wà níbẹ̀, *Ojú lórí ẹrù*, ó tẹ́ rẹrẹ, kò gbọ̀n. Ẹ̀rù ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn kò tiẹ̀ mú kí n gbàgbé láti kọ ọ́. Ṣé òpùrọ́ máa ń kọ̀wé báyẹn ni?

Mo fẹ́ wo ara òpó kẹta kí n tó lọ sílé. Wọ́n ti kùn ún. Ọ̀dà ofeefee tuntun, láti òkè délẹ̀. Bí ohunkóhun bá ha á lára, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́ láyé. Àbúrò mi á ní èmi ni mo ní kí wọ́n kùn ún.

Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Àbúrò mi wá. Kò kí mi. Kò kúnlẹ̀. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ bí ẹni wá gba ẹrù rẹ̀.

"Wọ́n gé e láàárọ̀ yìí," ló wí. "Nísàlẹ̀ orúnkún."

Ìyàwó mi figbe ta, ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó yẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun kan ṣoṣo ni mo wá bi yín. Ṣé ẹrù yẹn dúró àbí kò dúró?"

"Kò dúró."

"Ẹ fi ìyá wa búra."

"Mo fi ìyá wa búra. Mo fi sàréè rẹ̀ búra. Ojú mi kò kúrò lára ẹrù yẹn."

Ó wò mí. Irú ìwò yẹn, ìyá wa ló ni ín. "Ọmọ ìyá kan náà ni wá," ló wí, "mo mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń purọ́. Ẹ máa ń fọwọ́ kan etí. Ẹ ò fọwọ́ kan etí. Ìdí nìyẹn tí ara mi ò fi balẹ̀. Ẹ dákun, kí ló ṣe yín?"

Kí ló ṣe mí? Ọkọ rẹ̀ ló fa okùn, èmi ni wọ́n ń bi pé kí ló ṣe mí. Mo ní kó máa lọ. Ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìyàwó mi kò jẹ́ kí n rímú mí títí mo fi lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ra búrẹ́dì. Yàrá náà gùn, bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ lápá kan, mẹ́jọ lápá kejì, ó ń rùn bí ẹni fọ ilẹ̀ pẹ̀lú omi ìdọ̀tí. Àna mi wà létí fèrèsé. Ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ, ó tẹ́jú. N kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wá?"

"Mo wá kí ẹ ni."

"Ẹ gbé búrẹ́dì yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sọ pé ẹrù yẹn dúró, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ wá kí mi."

"Kò dúró."

"Ó dúró! Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta. Àsíá wà lókè lọ́wọ́ mi, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já níbi tí mo ti ń pariwo."

"Ojú mi wà lórí ẹrù."

"Ojú yín wà lórí ìgbéraga yín!"

Gbogbo bẹ́ẹ̀dì yíjú sí wa. Nọ́ọ̀sì kan ń bọ̀. Mo ní ẹni tó fa okùn kò yẹ kó máa pariwo. Àna mi wá na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. "Jáde fún mi, ìwọ yìí."

Ìwọ yìí! Ogún ọdún tó ti fẹ́ àbúrò mi, Ẹ̀gbọ́n ni mò ń jẹ́. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi mú wọ iléeṣẹ́, tí mo kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń mú àsíá. Mo gbé búrẹ́dì mi. Mo jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà, láìní bọ́tà, pẹ̀lú ìbínú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Wọ́n ní kí n lọ rí dókítà ojú. Inú mi dùn. Ìka tó tọ́ símú la fi ń romú: bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ojú, ẹ mú ojú mi lọ síbi tí wọ́n ti mọ ojú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Dókítà náà obìnrin ni, ó kúrú, bàtà rẹ̀ ń dún ko-ko-ko. Ó ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri. Mo kà á dé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, mo tún ka orúkọ iléeṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ sí ẹsẹ̀ bébà náà. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó kà á rí. Mo ní ó ti rí i báyìí.

Ì bá dúró síbẹ̀. Ó fún mi ní dígí kékeré kan. "Bàbá, ẹ wo ojú yín òsì nínú dígí. Ó dáa. Ẹ wá wo ti ọ̀tún. Ẹ padà sí òsì. Ṣé ẹ rí i bí ojú yín ṣe ń lọ láti ibì kan sí ìkejì?"

Mo wò ó. Nígbà tí mo bá wo òsì, ojú mi ti wà lósì. Nígbà tí mo bá wo ọ̀tún, ó ti wà lọ́tùn-ún. N kò rí i lójú ọ̀nà rárá.

"Dígí yín kò dáa," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. Mo kórìíra ẹ̀rín yẹn. Ó ní nígbà tí ojú bá ń fò láti ibì kan sí ibòmíì, kì í ríran. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí èèyàn bá ń ṣẹ́jú. Ó ní ọpọlọ ló máa ń dí àlàfo yẹn, tó fi jẹ́ pé a kì í mọ̀ pé àlàfo kankan wà. Mo ní ọpọlọ tàwọn tó ń ka ìwé jù nìyẹn, tèmi kì í dí nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ló mú mi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Àmì funfun kan ń rìn bọ̀ láti òsì, á wọ ẹ̀yìn igi dúdú kan tó dúró láàárín, á yọ lọ́tùn-ún. Ó ní bí mo bá rí i pé ó dúró lẹ́yìn igi, kí n tẹ bọ́tìnnì. Ogójì ìgbà ló ṣe é. N kò tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ fún un pé kò dúró rí, pé mo rí i bó ṣe ń lọ.

"Ó dúró nígbà mọ́kànlá," ló wí. "Ó dúró, ó wá fò síwájú kó lè yọ lákòókò tẹ́ ẹ ń retí ẹ̀."

Mo dìde. Ẹlẹ́tàn ni. Kọ̀ǹpútà òun, ọ̀rọ̀ òun, ta ló fẹ́ já a ní koro?

Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo wà níwájú dígí ilé ìwẹ̀ láti àárọ̀. Òsì. Ọ̀tún. Òsì. Mo ní màá rí i bó ń lọ bó bá gbà mí títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó mi ti lu ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó wọlé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí nínú dígí náà.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń wò ó bóyá ojú mi ń rìn."

"Ó ń rìn kẹ̀. Ó ń fò pín-ín, pín-ín. Mò ń rí i."

"Níbo?"

"Níbẹ̀ yẹn! Ẹ̀yin nìkan lẹ ò rí i."

Mo lé e jáde. Mo wẹ̀. Omi tutù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Akọ̀wé wá kí mi ní sítọ́ọ̀. Ó ti gbọ́ nípa dókítà. Ó ní kí n má lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, pé ìwé dókítà náà fúnra rẹ̀ sọ pé ojú mi dá ṣáká, ìyẹn nìkan la máa kà fún ìgbìmọ̀. "Ẹ di ọ̀rọ̀ yín mú, Ojú Àṣá. Ẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ rí."

Inú mi dùn gan-an sí ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́yìn tó lọ tán ni mo wá bi ara mi bóyá ó ti bi àna mi léèrè ohun tí òun náà rí. Kò bi í. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n òṣìkà tó bá wà lẹ́yìn èèyàn, èèyàn kì í tètè rí ẹ̀bi rẹ̀.

Nọ́ọ̀tì onípẹtà: àpò méjì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin

Ìkùukùu, kò rọ̀. Owó ọkọ̀ tún ti gòkè. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń ka iye ìgbà tí mò ń ṣẹ́jú. N kò lè kà á. Bí mo bá ti ń kà á, mo ń ṣẹ́ ẹ jù. Bí mo bá gbàgbé, n kò mọ̀ pé mo ṣẹ́ ẹ. Kò sígbà kan tí ọ̀nà ṣú mọ́ mi lójú. Ó yẹ kó ṣú. Dókítà yẹn ti ba ayé mi jẹ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

N óò kọ eléyìí bó ṣe rí, bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ ya ojú ewé náà lẹ́yìn náà.

Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ fi han ìyàwó mi pé ayédèrú ni kọ̀ǹpútà dókítà. Mo ní ẹ jẹ́ ká fi nǹkan gidi ṣe é, nǹkan tí ọwọ́ bà. Mo gbé páálí kékeré kan sórí tábìlì ilé ìdáná, mo ní òpó nìyẹn. Mo fún un ní ọsàn kan. Ó dúró lápá ẹ̀yìn tábìlì, ó ń fi ọwọ́ tì í kó máa yí lọ. Èmi jókòó sórí àga gíga nítòsí ilẹ̀kùn, bí ìgbà tí mo wà lókè. Mo ní kó máa yí i, bó bá dúró lẹ́yìn páálí, n óò sọ.

Ó yí i. Ó kọjá. Ó yí i. Ó kọjá. Ó lè ní ìgbà mẹ́jọ. Mo ti ń rẹ́rìn-ín.

"Èyí tó kẹ́yìn yìí ńkọ́?" ló bi mí.

"Ó kọjá."

"Kò dúró?"

"Kò dúró. Mo rí i."

"Ó dá yín lójú?"

"Obìnrin yìí, mo ní mo rí i! Mo fi sàréè ìyá mi búra, ọsàn yẹn kò dúró."

Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn bó bá rẹ́rìn-ín. Ó gbé páálí náà kúrò. Ọsàn kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Òmíràn wà létí tábìlì lápá kejì, èyí tí mo rí tó yọ. Ó ti yọ́ gbé ìkejì pamọ́ sẹ́yìn páálí kó tó yí èyí tó kẹ́yìn. Ó fọwọ́ dá èyí tó wọlé dúró, ó sì ti èyí tó wà níbẹ̀ jáde.

Mo wo ọsàn tó jókòó náà. Mo ti rí i tó ń yí. Kì í ṣe pé mo rò pé ó ń yí o, mo rí i, bí mo ṣe ń rí ọwọ́ mi lórí ìwé yìí.

Mo gbá páálí náà sára ògiri. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ ti búra." Ìyẹn nìkan ló wí. Ó bó ọsàn méjèèjì, ó sì gbé e síwájú mi. N kò jẹ ẹ́.

Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Àkọ́rọ̀ òjò. N kò jáde.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo ní inú ń run mí. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà bàtà ko-ko-ko. N kò kí i dáadáa.

"Ṣé òpùrọ́ ni mí?" ni mo bi í.

"Rárá, Bàbá. Ohun tó le nínú ẹ̀ nìyẹn. Òpùrọ́ mọ̀ pé òun ń purọ́."

Ó ní nǹkan tó bá ń lọ, tó wọ ẹ̀yìn nǹkan mìíràn, ọpọlọ kì í gbà pé ó ti kú. Á máa bá a rìn nínú òkùnkùn yẹn, á sì yọ ọ́ jáde lódì kejì. Ó ní bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ò ní lè sọdá títì, ìyá ò ní lè fojú wá ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Ó ní ẹ̀bùn ni.

"Ẹ̀bùn tó gé èèyàn lẹ́sẹ̀," ni mo wí.

Ó wá bi mí bí mo ṣe máa ń ṣe é bí ẹrù bá wọ ẹ̀yìn òpó. Mo sọ fún un: ojú á ṣáájú ẹrù, á lọ dúró dè é níbi tó máa gbà yọ. Gbogbo wa la ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ́ àwọn tó dé lẹ́yìn mi nìyẹn.

"Àna yín ńkọ́, níbo ló dúró sí?"

"Níbi tí ẹrù gbà wọlé."

"Tí ojú yín bá ti wà níbi tó máa gbà yọ…"

"Ẹ má parí ẹ̀," ni mo wí. Kò parí rẹ̀. Mo jáde láìdágbére.

Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Mo ka ohun tí mo kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òpó kìn-ín-ní, òpó kejì, òpó kẹta. Ó ń dán. Kò sí ihò kankan nínú rẹ̀. Àna mi sọ tiẹ̀ nínú ilé ìwòsàn, ó kún fún ihò: ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó pariwo, kò sọ ohun tó tẹ̀ lé e. Tèmi mọ́ tónítóní, àfi bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ẹ̀rù ń bà mí. N kò kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo sọ ọ́ fún Akọ̀wé. Mo ní bóyá ẹrù náà dúró. Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣàwàdà.

"Bóyá? Kí ni bóyá? Ẹ rí i àbí ẹ ò rí i?"

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n bóyá kò sí níbẹ̀."

Ó yọ fìlà rẹ̀. "Orí yín pé ṣá? Ẹ lọ sọ fún ìgbìmọ̀ pé awakíréènì kì í ríran lẹ́yìn òpó, kí ilé irin gbogbo lé wa dànù? Gbogbo wa lẹ fẹ́ tà. Àwọn tó kọ *Ojú lórí ẹrù* lánàá, kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn?"

Mo ní kí wọ́n gbé dígí sára òpó, tàbí kí wọ́n fi èèyàn kejì síbẹ̀. Ó ní kò sí dígí tó tóbi tó láti gba irú òpè tí mo jẹ́. Òpè, èmi! Mo ní kó gba sítọ́ọ̀ mi jáde. Bó ṣe ń lọ, ó fẹsẹ̀ da àpò nọ́ọ̀tì kan nù, èyí tí mo ti ṣà. Kò dédé dà á.

Ajé, ogúnjọ́

Ọ̀la ni. Ìyàwó mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi láàárọ̀ kùtùkùtù, ó gbé e kọ́.

"Kí lẹ máa sọ?"

"Mi ò mọ̀."

Mo mọ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni ẹni tí n óò jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Láti òkè yẹn, gbogbo èèyàn a máa gbójú sókè kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ẹbí mi kan lọ, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Mo sì bínú sí àna mi lónìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé òun ló tọ̀nà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Tábìlì gígùn kan, èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Alága wọn obìnrin àgbà kan, awò rẹ̀ wà lórí imú. Àna mi jókòó lórí àga onítáyà, àbúrò mi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò wo apá ibi tí mo wà. Akọ̀wé wà lẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Ṣé ẹ rí ẹrù náà nígbà tó wà lẹ́yìn òpó kẹta?" ni Alága bi mí.

"Mo rí i."

"Ṣé ó ń lọ àbí ó dúró?"

"Mo rí i pé ó ń lọ."

Mo gbọ́ tí Akọ̀wé mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ àna mi náà, ó pòṣé.

"Ṣùgbọ́n òpó wà láàárín èmi àti ẹ̀," ni mo wí. "Irin ni òpó, kì í ṣe gíláàsì. Kò sí bí ojú èèyàn ṣe lè rí i níbẹ̀. Ohun tí mo rí, orí mi ló ṣe é."

Alága bọ́ awò rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó yé wa."

"Mi ò rí ẹrù yẹn. Mo mọ ibi tó yẹ kó wà, mo sì rí i níbẹ̀."

"Àsíá pupa ńkọ́?"

"Ojú mi ti kọjá ibi tó wà. Tó bá ní òun gbé e sókè, ó gbé e sókè. Ọdún mẹ́rìnlá la ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò gbé àsíá lásán rí."

"Nínú ìwé tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ sí wa, ẹ kọ ọ́ pé ó fa okùn. Ṣé ẹ rí i tó fà á?"

"Rárá. Ẹrù fì. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mú un fì. Bí kò bá jẹ́ òun, èmi ni."

Àwọn ìgbìmọ̀ jáde, wọ́n padà wọlé pẹ̀lú ìdájọ́. Iléeṣẹ́ á tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tó fi máa lo ti àtọwọ́dá, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà. Èmi, n kò gbọdọ̀ wa kíréènì mọ́. Sítọ́ọ̀, bí mo bá fẹ́. Wọ́n máa gbé dígí sára òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ló ronú kàn án.

Akọ̀wé tutọ́ sílẹ̀ nítòsí bàtà mi. Àbúrò mi ti àga onítáyà kọjá níwájú mi. Mo dìde. Kò dúró.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo lọ sílé wọn. Òjò ti dá, ilẹ̀ ń yọ̀. N kò ra búrẹ́dì.

Àbúrò mi ṣí géètì. "Wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n máa sọ. Kí lẹ tún wá gbọ́?" Ó padà sídìí aṣọ tó ń fọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. N kò mọ ibi tí mo lè jókòó sí, mo bá dúró síbi géètì.

Àna mi wà nínú ọgbà, ó ń fi ọ̀pá méjì kọ́ ìrìn. Ó rí mi, ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Ó ń yí tánkì omi ńlá dúdú tó wà láàárín ọgbà ká. Á wọ ẹ̀yìn tánkì lápá òsì, á yọ lápá ọ̀tún, á tún padà bọ̀ níwájú. Ìgbà mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń rìn dáadáa. Mo ń wò ó.

Ó wọ ẹ̀yìn tánkì nígbà kẹrin. Ojú mi ti fò lọ sápá ọ̀tún, ó ti ń dúró dè é níbẹ̀. Mo sì ń rí i. Mo búra, mo ń rí i tó ń bọ̀ lẹ́yìn tánkì yẹn, ọ̀pá, ẹsẹ̀, ọ̀pá, ẹsẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé, ọ̀rẹ́, kò sí nǹkan tí ò ń rí. Tánkì lò ń wò.

Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta. Mo rìn gba inú ọgbà kọjá, mo yà sẹ́yìn tánkì.

Ó wà nílẹ̀. Ọ̀pá kan ti yọ̀, ó wà ní ọ̀nà jíjìn sí i. Ẹrẹ̀ ti bo ṣòkòtò rẹ̀ dé ìbàdí. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó jókòó síbẹ̀, ó di eyín, ó ń wo ògiri.

"Kí lo wá ṣe?" ló wí.

"Mo wá wò ó bóyá o dúró."

Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ìdáríjì kankan nínú ojú rẹ̀, n kò sì ní purọ́ pé mo rí i níbẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kó o wá wò ó," ló wí.

Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ o, ó fẹ́ dìde ni. Mo fà á dìde.